Táyà Dídán Lójú Òjò

Láti ọjọ́ tí ọkọ Ọláyínká ti gbé ọkọ̀ náà wọ agbolé wọn ní Àtìkòrí, n'Íjẹ̀bú-Igbó, ni ọkàn obìnrin náà kò ti gbà á. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà kò dára lójú. Òyìnbó kan tó jẹ́ ẹnjiníà ní ilé ìlagi ló ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó ọkọ̀ wọn lọ sí ojú ọ̀nà kan tó gún gbọọrọ nínú igbó gẹdú. Wọn a to ọkọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnì kan a ju aṣọ sílẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì a sì ta kúrò níbẹ̀. Kí èèyàn tó ka ọgọ́ta, eré ti parí. Nítorí eré yìí ni òyìnbó ṣe ránṣẹ́ ra táyà méjì láti òkè òkun, tó fi wọ́n sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Táyà náà fẹ̀, ó rọ̀, ojú rẹ̀ sì dán, kò ní ìlà kan ṣoṣo.

Rùfáì, ọkọ Ọláyínká, ni mẹkáníìkì tó ń bá òyìnbó tún ọkọ̀ náà ṣe. Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira, Rùfáì ló gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa táyà yẹn tó o ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà kan tí wọ́n jọ ń jẹun. Ó ní táyà tí gbogbo ayé ń lò, àárín ìlà ojú rẹ̀ ni omi ń gbà sá jáde lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní ibi tí omi lè gbà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí táyà náà sì gbóná, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí oje rọ́bà. Bí ilẹ̀ bá tutù, á gun orí omi, á máa léfòó, ẹni tó ń wà á kò sì ní í mọ̀ títí tí ìdí ọkọ̀ yóò fi yí padà wá sí iwájú. Òyìnbó kò gbé e jáde lójú òjò rí.

Ọláyínká bi í pé kí ló wá dé tí kò yọ ọ́. Rùfáì rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò kò tíì dé, táyà tó tọ́ sí ọkọ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn bí táyà fífẹ̀ náà ṣe rí. Àwọn èèyàn máa ń dúró wò ó bí ó bá ń kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù karùn-ún parí, kò pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kejì tó ní ló ń gbé jáde bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí wọn kò sọ mọ́ láàárín ara wọn.

Ọláyínká mọ ọkọ̀ wà díẹ̀. Tíṣà ni ní Àgọ́-Ìwòyè, ní ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ti sú u láti máa dúró de lọ́rì ní àràárọ̀. Rùfáì ń kọ́ ọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n bí i sí. Ọkọ̀ kejì, èyí tó rọ̀ lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kò sì tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jókòó sídìí ọkọ̀ òyìnbó, láti sún un kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ náà fò síwájú bí ẹran tí wọ́n ta lẹ́gba, díẹ̀ ló kù kó wó ògiri ilé ìdáná. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní òun kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.

Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, ìròyìn dé pé ìjì ti ṣí páànù ilé Nimotalahi, ìyá Rùfáì, tó ń gbé lóko kòkó rẹ̀ lẹ́bàá Màmú. Rùfáì ní àwọn gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kejì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tú u palẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn ti ń ta. Ó ní Màmú kò jìnnà, àwọn yóò ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọláyínká wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Wọ́n fi Níkẹ́, ọmọ wọn obìnrin, sọ́dọ̀ Ìbíkẹ́ aládùúgbò wọn, wọ́n sì lọ.

Wọ́n bá ìyá náà ní àlàáfíà, àfi páànù méjì tó ṣí. Ṣùgbọ́n ìjì náà ti dá ẹ̀ka igi ńlá kan dábùú ọ̀nà oko, níwájú ilé gan-an, ó sì ti dí i. Rùfáì ní kí òun gé e kúrò kí ọkọ̀ lè rọ́nà yí padà. Ó mú àáké ìyá rẹ̀. Ọláyínká wà nínú ilé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bá a kó àwọn ohun tó tutù jáde. Ó ń gbọ́ àáké níta. Àáké dákẹ́. Ó ń retí kí ó tún dún, kò dún.

Nígbà tí ó jáde, Rùfáì jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú lábẹ́ orúnkún. Àáké ti yọ̀ lára ẹ̀ka tútù náà, ó sì ti wọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde láàárín ìka rẹ̀. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ mú aṣọ wá," ló sọ. "Ẹ so ó lókè orúnkún. Ẹ so ó le."

Nimotalahi tú gèlè orí rẹ̀, wọ́n fi so ó, Ọláyínká fi igi kékeré kan há inú rẹ̀, ó sì lọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ náà dín, kò dá. Bùsúyì, àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ bá ti ìyá náà pààlà, gbọ́ igbe ìyá, ó sáré wá. Ọkùnrin alágbára ni. Òun ló fa ẹ̀ka náà kúrò lọ́nà, òun náà ló gbé Rùfáì sínú ọkọ̀. Ó ní lọ́rì kan ṣoṣo tó wà ní Màmú ti gbé èrò lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀, kò ní padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun kò mọ ọkọ̀ wà.

Ojú ọ̀run ti yí padà lákòókò náà. Ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ dúdú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn tutù kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ewé kòkó lójú padà. Ọláyínká dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kún.

"Yínká," ni Rùfáì pè é. "Ìwọ ló máa wà á dé ilé ìwòsàn."

"Òjò ń bọ̀, Bàbá Níkẹ́."

"Mo rí i. Wọlé."

Wọ́n tẹ́ Rùfáì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ìyá rẹ̀ sì jókòó sí ìkángun kejì, ó gbé ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ náà lé itan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé etí Ọláyínká gan-an ni ohùn ọkọ rẹ̀ ń bọ́ sí. Kí ó tó jẹ́ kó ṣí ọkọ̀ náà, ó sọ ohun tí yóò ṣe fún un, ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni pé ọjọ́ Ìsinmi ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì yìí lágbára jù fún ilẹ̀ tútù, nítorí náà kí ó fi jíà kejì gbéra, kí ó sì bọ́ sí ẹ̀kẹta kíákíá, kí agbára tó ń dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè dín. Kí ó máa tẹ iná bí ẹni pé ẹyin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe ohunkóhun lójijì, ì báà ṣe iná, bíréèkì, tàbí sítíárìn. Bí ó bá rí kọ́nà níwájú, kí ó tó dé ibẹ̀ ni kí ó ti dín eré kù, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró gún, kì í ṣe nígbà tó bá ti wọ kọ́nà tán. Bí ó bá rí omi tó dúró, kí ó yẹra fún un. Bí kò bá lè yẹra, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó di sítíárìn mú gún, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú omi náà kọjá.

"Tí ìdí ọkọ̀ bá lọ sápá kan ńkọ́?" ni Ọláyínká béèrè.

"Ó máa lọ," ni Rùfáì dáhùn. "Má tẹ bíréèkì. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, yí sítíárìn tẹ̀lé ìdí ọkọ̀, díẹ̀ báyìí. Ibi tí o fẹ́ lọ ni kí o wò. Má wo inú igbó. Ibi tí o bá wò lo máa lọ."

Ọ̀nà oko títí dé títì kò tó máìlì kan, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ nígbà tí wọ́n ń gbà á. Ọkọ̀ náà ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ já. Bí wọ́n ṣe dé ojú ọ̀dà ni ìkán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lu gíláàsì iwájú, ó tóbi tó kọ́bọ̀. Kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti ń tan wáípà, òjò ti bò wọ́n.

Títì náà kò fẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ pupa. Ọláyínká kò rí ju ìwọ̀n ilé mẹ́ta níwájú. Ó mú ọkọ̀ sí àárín ọ̀nà, níbi tí ọ̀dà ti ga díẹ̀ tí omi ti ń ṣàn kúrò lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí Rùfáì ṣe ní kí ó ṣe. Èjìká rẹ̀ ti le bí pákó. Ó ń gbọ́ omi lábẹ́ ọkọ̀, ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ, ó sì mọ̀ pé abẹ́ táyà ẹ̀yìn ni.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ lọ. Kò dún, kò gbọ̀n. Ó kàn rí i pé igi tó wà níwájú òun ti wà lápá ọ̀tún òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sórí bíréèkì.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni ohùn náà sọ létí rẹ̀. "Tẹ̀lé e. Wo ọ̀nà."

Ó tẹ̀lé e. Ìdí ọkọ̀ padà wá, ó kọjá àyè rẹ̀ díẹ̀ sí apá kejì, ó tún padà, ó dúró. Ọláyínká rí i pé òun kò tíì mí láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sì fún ẹnu rẹ̀ pa kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́.

Láti ìgbà náà lọ, kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré ju bí ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ ṣe lè sáré lọ. Nimotalahi kò lè fara dà á. Ìjẹ̀bú oko ni obìnrin náà ń sọ, ohùn rẹ̀ máa ń ga lójijì. Ó ti ń ka kálímà, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí, láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra, ó wá dá a dúró, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun ti rin ìró òun gbindin, ó sì béèrè bóyá ìyàwó kò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló ń kú lọ ni.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa rọra lọ," ni Rùfáì sọ. "Tó bá sáré, gbogbo wa la máa kú."

Ohun tó sọ tó nítumọ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó sọ nǹkan kan nípa jíà, kò parí rẹ̀. Ó pe orúkọ Níkẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde nínú kọ́nà mìíràn, Ọláyínká ń retí kí ó sọ fún òun pé òun ṣe é dáadáa, kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe òjò.

"Bàbá Níkẹ́?"

Kò dáhùn. Ọláyínká kò lè bojú wẹ̀yìn. Ó bi ìyá náà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń mí? Ìyá dáhùn pé ó ń mí, ṣùgbọ́n ó ti dákú.

Ẹ̀rù tó ti ń bà á tẹ́lẹ̀, ó wá mọ̀ pé eré lásán ni. Títí di ìgbà náà, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ni, ọwọ́ òun nìkan ló yá a. Ní báyìí òun nìkan ló kù sídìí nǹkan yìí, pẹ̀lú ẹ̀mí mẹ́ta. Ó wá sí i lọ́kàn láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó gbé orí lé sítíárìn, kí ó máa sunkún títí ẹnì kan yóò fi dé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ jáde, ó ń kọ ọ́ lórin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ń kọ ìṣirò lórin. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Di sítíárìn mú gún. Wo ibi tí o ń lọ. Bí ó bá dé òpin rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nimotalahi lẹ́yìn rẹ̀ padà sídìí kálímà. Báyìí ni àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, tí òjò sì ń lù wọ́n.

Wọn kò tíì dé Orù nígbà tí ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan. Ọláyínká mọ ibẹ̀. Afárá kékeré ló wà níbẹ̀, èyí tí èèyàn máa ń kọjá láìmọ̀ pé òun gun afárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sí afárá. Omi pupa kan ló dábùú ọ̀nà, ó fẹ̀ tó pápá ilé ẹ̀kọ́, ó ń gbé ewé àti igi lọ. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti òkè, ó ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tẹ bíréèkì, ó ń tú u, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ẹ̀yìn ń yọ̀ tí ó ń di ilẹ̀ mú, tí ó tún ń yọ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ sínú omi náà díẹ̀díẹ̀ láìfẹ́ dúró. Nígbà tó dúró, ẹsẹ̀ iwájú ti wà létí omi.

"Kí lo dúró ṣe?" ni Nimotalahi béèrè.

"N kò rí ilẹ̀, Ìyá."

"Máa lọ. Ọ̀nà ni. Ojoojúmọ́ la ń gba ibẹ̀."

"N kò ní wọ ibi tí n kò bá rí, Ìyá."

"Bí ọmọ mi bá kú síbí, ìwọ lo pa á."

Ọláyínká gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó di sítíárìn mú, kò fi ọkọ̀ sí jíà. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Ìyá. N kò lọ."

Ó bọ́ sílẹ̀ nínú òjò. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé: ètè rẹ̀ ti funfun, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò yára. Ó tún gèlè náà lọ́ le sí i. Lẹ́yìn náà ó wọ inú omi lọ, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀dà. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ọ̀dà wà níbẹ̀. Ó yà díẹ̀ sápá òsì, apá tí ọkọ̀ ń rìn ní gbogbo ilẹ̀ wa láyé ìgbà náà, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kò sì bá ilẹ̀ pàdé. Omi mú un dé itan. Ó fà sẹ́yìn, ó ṣubú, ó fi ọwọ́ àti orúnkún rá jáde.

Kò mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò níbẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó ń gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń sunkún. Ó ń ronú pé bóyá òun ti pa ọkọ òun ní tòótọ́. Ó ń ronú pé bóyá ó yẹ kí òun padà sí Màmú, ṣùgbọ́n kí ni yóò wà níbẹ̀? Ìgbà méjì ló fẹ́ wọlé kí ó sì tẹ iná mọ́ ọn kí gbogbo rẹ̀ tán. Ní ìgbà kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn, nígbà tí ó gbọ́ ọkọ̀ ńlá kan lódì kejì.

Lọ́rì agbégẹdú ni, ó ń lọ sí Ìbàdàn, ó gbé ìtì igi mẹ́ta. Awakọ̀ rẹ̀ dúró létí omi lọ́hùn-ún, òun àti àwọn agbégi méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá wọn ibẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ló wọlé tó sì gba àárín gbùngbùn kọjá, omi ń dà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọláyínká, ó dúró. Mùtàlíbù lorúkọ rẹ̀, ó mọ Rùfáì, nítorí Rùfáì ló ń bá a tún lọ́rì rẹ̀ ṣe. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

"Táyà yìí lẹ fi wá láti Màmú?"

"Òun ni."

Ó ní apá òsì afárá náà ti bọ́ lọ, ẹni tó bá gba ibẹ̀ yóò bá odò lọ. Ó ní òun ì bá gbé Rùfáì padà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtì gígùn tó wà lẹ́yìn òun, kò sí ibi tí òun lè ti yí lọ́rì náà títí dé Màmú, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí náà ni yóò gbé e. Ọláyínká ní kí ó bá òun wà á sọdá. Mùtàlíbù mi orí. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ́ lọ́rì, òun yóò tẹ iná jù, òun kò sì jókòó sórí irú táyà yẹn rí. Ìyàwó tó ti wà á débí ló mọ ìwà rẹ̀.

Ó pàṣẹ fún àwọn agbégi rẹ̀. Ọ̀kan dúró sí apá òsì, níbi tí ọ̀dà ti já gan-an, èkejì sí apá ọ̀tún, omi mú wọn dé orúnkún. Mùtàlíbù fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Ọláyínká fi jíà kejì gbéra, ó ń wo àárín àwọn ọkùnrin méjì náà, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé wọn. Omi ń lu ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé àárín. Níbẹ̀ ni omi ti mú ìdí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sápá òsì, jẹ́ẹ́, láìkánjú. Ó rí ojú ọkùnrin tó wà lápá òsì, bó ṣe là sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ní kí ó tẹ iná. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó yí sítíárìn ní ìwọ̀n ìka méjì, ó ń wo ọ̀dà lódì kejì, ó ń wò ó bí ẹni pé òun kò tíì rí ọ̀dà rí. Ó gbọ́ tí Mùtàlíbù ké sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó gbọ́ gbìì nígbà tí èjìká kan lu ara ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ dúró. Táyà rí ilẹ̀. Wọ́n bọ́ sókè.

Láti ibẹ̀ dé Orù, kò rántí nǹkan kan. Òjò ti fúyẹ́ nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ti yà, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì yí eré tó ń sá padà, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ń gbẹ. Ní iwájú ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ gbé Rùfáì wọlé. Ọláyínká kò bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Zipporah, tí wọ́n jọ wà ní ìjọ kan, wá wò ó, ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì di sítíárìn mú, kò sì lè tú u. Zipporah fúnra rẹ̀ ló bá a tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Dókítà rán ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Ọláyínká fún ọkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n sọ fún wọn pé yóò yè, pé ó ṣeé ṣe kí ó máa tiro. Nimotalahi, tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ọ̀sán, dìde, ó wá jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ó fi etí ìró rẹ̀ tó gbẹ nu ẹrẹ̀ tó wà lójú Ọláyínká, ó ní, "O kò tíì jẹun," ó sì jáde lọ wá ohun tí wọ́n máa jẹ.

Lọ́jọ́ kẹta ni Rùfáì tó lè jókòó. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe dé, nítorí òun kò mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn kọ́nà kejì. Ọláyínká sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ ti omi, ó sọ ibi tí kò ti bá ilẹ̀ pàdé, ó sọ ohun tí ìyá wí àti bí òun ṣe dúró. Rùfáì ń gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí apá òsì afárá ti bọ́ lọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè pé kí ó dákẹ́ ná. Iwájú orí rẹ̀ ti yọ òógùn.

"Èmi ì bá má dúró," ló sọ.

Ọláyínká wò ó. Kò rí ẹ̀rù lójú ọkùnrin yìí rí ní ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kódà nígbà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì rẹ̀ yẹ̀. Ó wà níbẹ̀ ní báyìí. Rùfáì ní ọ̀nà yẹn mọ́ òun lára jù, òun ì bá tẹ iná, òun ì bá gba apá òsì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó bá òun fa aṣọ bò, pé òtútù ń mú òun, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ náà títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àkókò àlejò ti tó.